Ẹ̀rín Tó Máa Ń Pẹ́ Dé

Pásítọ̀ á dá àpárá, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á rọlẹ̀, pásítọ̀ á sì ti máa ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ibòmíràn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rín kejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ bú jáde láti bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn, lápá òsì, lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn obìnrin mẹ́fà tàbí méje ló máa ń jókòó níbẹ̀, àwọn Ẹ̀gùn tó ń ti Alapoti wá. Bàbá àgbà mi máa ń wà láàárín wọn, wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ túmọ̀ ìwàásù sí Ẹ̀gùn. Bí àpárá bá fi máa dé etí àwọn obìnrin náà, ó ti tutù fún àwọn yòókù. Wọn ò bìkítà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, wọ́n á fọwọ́ lu itan, ìyá tó dàgbà jù nínú wọn á sì máa fi etí gèlè nu ojú.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àárín àwọn akọrin ọmọdé ló yẹ kí n wà, ṣùgbọ́n n kì í pẹ́ yọ́ lọ sí bẹ́ǹṣì yẹn. Òórùn gàrí àti èéfín igi wà lára aṣọ àwọn obìnrin náà, òórùn pákó tuntun àti gọ́ọ̀mù wà lára bàbá àgbà. Bí mo bá fara ti apá wọn, mo máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kùn láyà wọn kó tó jáde lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ Ẹ̀gùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí jókòó láti kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ ní Yorùbá láti iwájú, tí mo sì tún ń gbọ́ ní Ẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọdé wo ni kò ní mọ̀ ọ́n?

Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá àgbà ń ṣe. Apá Àgbádárìgì ni wọ́n ti wá sí Ọ̀tà nígbà èwe wọn. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé wa ní Joju, níbi tí ariwo tírélà láti títì márosẹ̀ àti òórùn ilé iṣẹ́ ọṣẹ ti máa ń bá ara wọn pàdé láàárọ̀, èmi àti màmá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí pásítọ̀, kò sí máìkì, kò sí kómíìtì. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, bàbá àgbà á gbá èérún pákó kúrò nílẹ̀, wọ́n á to pákó igi afárá sórí búlọ́ọ̀kù, àwọn èèyàn á jókòó lé e. Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn Ìgbò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ike wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà á gbà á bó ṣe wá sí i lẹ́nu. Nígbà tí èrò pọ̀, ìjọ ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n pe pásítọ̀. Bàbá àgbà ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì inú ilé náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń fi sanpépà ha ẹsẹ̀ tábìlì, mo bi wọ́n pé kí ni Pẹ́ńtíkọ́sì, nítorí olùkọ́ wa ní ká lọ kọ́ ìtàn rẹ̀ sórí. Mo ti mọ ibi tí ìjì ti fẹ́, tí ahọ́n iná sì bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù lórí. Ibi iná yẹn ni mo fẹ́ràn. Bàbá àgbà fẹ́ èérún kúrò lára igi náà.

"Iná ò tó nǹkan," wọ́n ní. "Ta ni ò lè dá iná? Àlejò ni àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, síbẹ̀ oníkálukú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ìyá rẹ̀ ì bá ṣe sọ ọ́ fún un. Ọlọ́run ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè onílé wá. Òun ló tọ̀ wọ́n lọ. Ọjọ́ yẹn ni ìjọ bẹ̀rẹ̀. Ìjọ tó bá wá ń sọ fún èèyàn pé kó lọ kọ́ èdè wá ná, ó ti gbàgbé ọjọ́ ìbí ara ẹ̀."

Ẹ̀gùn ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé màmá mi ò sí nílé. Ọmọ bíbí inú bàbá àgbà ni màmá mi. Bàbá wọn á bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀gùn, màmá mi á fi Yorùbá dáhùn. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ èdè yẹn sí mi létí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," màmá mi máa ń sọ, "wọ́n ti fi Ẹ̀gùn bú èmi tó nílé ìwé. Ọmọ tèmi ò ní jẹ nínú ẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mọ̀ dunjú, àwọn ni wọ́n sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀ tí wọ́n á máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá. Ọmọ ń túmọ̀ níwájú pẹ̀lú máìkì, bàbá ń gba ohun tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀, ó ń fi ohùn lásán gbé e dé ẹ̀yìn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wò wọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Kásẹ́ẹ̀tì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwàásù sínú kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí pásítọ̀ sì gbọ́ tirẹ̀, ó gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́ ohùn rẹ̀, ó sì gbọ́ ẹ̀rín kejì. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe pásítọ̀ yẹn. Ẹni tí mo bá bọ̀wọ̀ fún ni mò ń pè ní "wọ́n". Kómíìtì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí bàbá àgbà má túmọ̀ mọ́, kí àwọn obìnrin náà máa gbìyànjú láti gbọ́ Yorùbá, ṣebí ọjà Ọ̀tà ni wọ́n ń ná. Lẹ́tà ni wọ́n kọ. Ẹni tó gbálẹ̀ kí wọ́n tó ríbi jókòó, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé ó ń pariwo. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé kọ ọ́ gan-an, òun ló kàn án. Títí dòní, tí mo bá rántí lẹ́tà yẹn, inú ṣì máa ń bí mi.

Bàbá àgbà kà á, wọ́n fi sábẹ́ àpótí ìṣó. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà ṣáà máa bọ̀, pé àwọn á máa sọ kókó ìwàásù fún wọn níta lẹ́yìn ìsìn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín kejì ṣe dákẹ́ fún nǹkan bí oṣù méjì.

Ìyá tó dàgbà jù lórí bẹ́ǹṣì yẹn, èyí tó máa ń fi etí gèlè nu ojú, fẹ́ ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Wọ́n á ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ wọn ní omi tutù ò dáa fún arúgbó, ìyá náà ní báwọn bá kú láìṣe ìrìbọmi, àwọn ọmọ náà ló máa lọ ṣàlàyé fún Ọlọ́run. Ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá àgbà sì bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí pásítọ̀ máa bi wọ́n, ní Ẹ̀gùn. Kò sí èyí tí wọn ò mọ̀. Yorùbá tiwọn ò ju "èló ni" àti "ẹ fi ẹ̀ní sí i" lọ.

Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, pásítọ̀ wàásù lórí ìtàn kan náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó wàásù dáadáa. Ó ń ka orúkọ gbogbo ìlú tí àwọn àlejò ti wá sí Jerúsálẹ́mù, màmá mi ń tẹ̀lé e ní Yorùbá, ìjọ ń ṣe àmín. Àwọn obìnrin Alapoti ká ọwọ́ sí itan, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ìròyìn pé oníkálukú gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè abínibí rẹ̀ kọjá lórí wọn, wọn ò gbọ́ ọ. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí i. Àgbàlagbà kún inú ilé yẹn, mi ò mọ èyí tó rí i nínú wọn.

Ẹ̀yìn ilé ìsìn ni wọ́n gbẹ́ ibi ìrìbọmi sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Gbogbo wa jáde lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà náà wọ aṣọ funfun, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó mù wọ́n dé ìbàdí. Pásítọ̀ bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá wọ́n gba Jésù gbọ́, màmá mi tún un bi ní Yorùbá. Ìyá náà ń wò wọ́n. Pásítọ̀ tún un bi. Ìyá náà bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá bàbá àgbà. Bàbá àgbà ò lè mú un mọ́ra mọ́, wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n sọ ìbéèrè náà ní Ẹ̀gùn, ohùn wọn sì dún ketekete.

Ojú ìyá náà là. "Yẹn yise," wọ́n dáhùn, ìyẹn ni pé mo gbà gbọ́. Wọ́n tún wá fi kún un ní Ẹ̀gùn pé, "Kí ẹ tó bi mí ni mo ti gbà gbọ́. Ẹ̀yin lẹ pẹ́ dé."

Àwọn obìnrin Alapoti bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ fajú ro. Ó ní kí ló dé tí wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà fẹ́ ṣàlàyé, pásítọ̀ nàwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, ó wá yíjú sí màmá mi. "Sísítà, ẹ̀yin lẹ bá Bàbá gbélé. Kí ni màmá yìí sọ?"

Màmá mi di máìkì mú. Wọ́n wo bàbá wọn, wọ́n wo ìjọ. "Mi ò gbọ́ ọ, sà," wọ́n ní. "Èmi ò gbọ́ Ẹ̀gùn."

Inú máìkì ni wọ́n sọ ọ́ sí. Gbogbo ọgbà gbọ́ ọ.

Pásítọ̀ ní òun ò lè ri ẹni tí òun ò mọ ohun tó sọ bọmi. Ó ní kí ìyá náà lọ kọ́ Yorùbá díẹ̀, kí wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n fa arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún jáde, ìsàlẹ̀ aṣọ funfun náà tutù, òkè rẹ̀ gbẹ. Èmi ńkọ́? Mo wà láàárín àwọn akọrin ọmọdé, mo gbọ́ ohun tí ìyá náà sọ, mo gbọ́ irọ́ tí màmá mi pa, ẹnu mi ò ṣí. Mo ń bẹ̀rù màmá mi. Mo ti sọ fún ara mi láìmọye ìgbà pé ọmọdé ni mí nígbà yẹn, kò sì tíì tù mí lára rí.

Bàbá àgbà wọ inú ilé ìsìn, wọ́n gbé apá kan bẹ́ǹṣì ẹ̀bá fèrèsé yẹn, àwọn obìnrin gbé apá kejì. Mo tẹ̀lé wọn. A gbé e gba àárín Joju kọjá lọ́sàn-án gangan, omi ń ro lára aṣọ ìyá àgbà náà bí wọ́n ṣe ń lọ níwájú. Alfa tó ń ránṣọ ní ọ̀kánkán ilé wa dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti parí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ni?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni," bàbá àgbà dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá èérún pákó kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bíi ti àtijọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, pásítọ̀ mìíràn ri ìyá náà bọmi nínú odò kan ní Alapoti, wọ́n sì dáhùn gbogbo ìbéèrè ní Ẹ̀gùn. Màmá mi ò bá wa lọ. Láti ọjọ́ irọ́ yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé, bàbá àgbà ò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ẹ̀gùn mọ́. Yorùbá ni, àti "ẹ káàárọ̀, ma," bí ẹni ń kí àlejò. Mo bẹ̀ wọ́n nígbà kan. Wọ́n ní, "Ẹni tó lóun ò gbọ́, ṣé kí n máa yọ ọ́ lẹ́nu?"

Ìjọ náà ti kó lọ sí ẹ̀bá títì nítòsí Toll Gate báyìí, ó ní àwòrán gàgàrà lára ògiri, ó ní ìwé ìtàn ìjọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé "ṣọ́ọ̀bù kan ní Joju" ni iṣẹ́ Ọlọ́run náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan, bí ẹni pé pákó ló dá ìjọ sílẹ̀. Màmá mi ṣì ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, èmi ni mo máa ń mú wọn lọ.

Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oríṣiríṣi èdè kí Ọlọ́run níwájú. Ọ̀kan ka Faransé nínú fóònù, òmíràn ka èdè Ṣáínà, ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó di máìkì mú bèèrè bóyá ẹlòmíràn wà. Mo dìde níbi tí mo wà, mo sọ ọ́ ní Ẹ̀gùn bí ìyá yẹn ṣe sọ ọ́ nínú omi: mo gbà gbọ́, kí ẹ tó bi mí ni mo ti gbà gbọ́, ẹ̀yin lẹ pẹ́ dé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn tó yí mi ká gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dijú, wọ́n ń ké àmín, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi tí mò ń fi èdè ọ̀run sọ̀rọ̀. Èdè àwọn tó ń ta gàrí fún wọn ni o. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé àga.

Wọ́n dákẹ́ tán, ìgbà yẹn ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn náà ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lu itan.

Bẹ́ǹṣì náà wà ní pálọ̀ mi. Ìbínú yẹn náà wà lọ́dọ̀ mi, mi ò sì wá ẹni tó máa bá mi gbé e kúrò, nítorí bí kò bá sí i, ǹ bá tún dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn bí mo ṣe dákẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo mú màmá mi padà sí Joju. Ìgbà tí mo ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, tí wọ́n bá mi sọ Ẹ̀gùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọ̀rọ̀ náà ò tètè jáde.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo fi Ẹ̀gùn dá wọn lóhùn.

"Bàbá yín ni. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́."