Ìpín Ìjọba Nínú Ṣọ́ọ̀bù Gbádégẹṣin

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ mi gbọ́n tàbí kò gbọ́n. Ará Ìjerò pọ̀ tó ti bi mí, mo sì ti fún kálukú wọn ní èsì tó tọ́ sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Gbádégẹṣin kì í rójú jókòó. Àga ṣíṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá rí i lórí àga, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Bí a bá ń jẹun lọ́wọ́, yóò dìde lọ yí pákó tó sá sóòrùn. Bí a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò máa fọwọ́ pa ìjókòó iwájú rẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe kàn án, yóò sì máa mirí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ìkirè ló ti wá. Bàbá rẹ̀ ló wá dáko kòkó ní apá ọ̀dọ̀ wa, lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdọọdún ni bàbá yẹn ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ: iṣu, epo, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló dun Gbádégẹṣin jù. Ó ní òun á wà lẹ́yìn bàbá òun, òun á máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, onílẹ̀ á sì máa jẹun rẹ̀ lọ láì dá a lóhùn. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ kankan tí ẹlòmíì yóò ti dìde sọ pé òun ló ni ín. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó ra ilẹ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà Ìkòrò, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Nígbà tó fẹ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ fi hàn mí kì í ṣe yàrá, ṣọ́ọ̀bù ni.

"Rachael, tèmi ni, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé."

Mo ní, "A dúpẹ́. Ibo la óò wá máa sùn?"

Ọmọ Ìjerò ni mí, a kì í pe ẹnìkan ṣoṣo ní ẹ̀yin. "Ìwọ" ni mò ń pe ọkọ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkirè sì máa ń fajú ro. Ìyẹn kàn wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi. Yàrá wà, olùkọ́ wà, àga ni kò sí. Òbí tó bá lọ́wọ́ a wá ra dẹ́sìkì lọ́dọ̀ wa fún ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ẹni tí kò ní a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayùn ọlọ́wọ́ ni ọkọ mi fi ń la pákó, apá rẹ̀ kò sì ká iṣẹ́ náà mọ́.

Àkókò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, òṣìṣẹ́ ìjọba, wá bá wa láti Àkúrẹ́, tòun ti kóòtù nínú oòrùn. Ó ní ìjọba fẹ́ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ dókòwò. Wọn yóò gbé ẹ̀rọ ńlá tí ń la pákó wá, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ṣọ́ọ̀bù yóò di kọ́ńpìnnì. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́rin jẹ́ ti ìjọba, mẹ́fà jẹ́ ti Gbádégẹṣin. Ọkọ mi wo àwòrán ẹ̀rọ náà títí, ó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín. Ó tọwọ́ bọ̀wé.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe dé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

"Ìyá Bọ́látitó, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí báyìí?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló ni mẹ́rin?"

"Ìjọba."

"Mẹ́rin wo? Ṣé apá ẹnu ọ̀nà ni àbí apá ẹ̀yìn?"

Mo ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ n sinmi.

Ẹni tó wá da gbogbo rẹ̀ rú pátápátá ni Olúrántí, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí wa. Ọmọ Aramoko ni, kì í ya ara rẹ̀ kúrò lára ìwé ìròyìn. Ó sáré sọdá títì wá kí wa.

"Ẹ kú oríire, Baba! Ṣọ́ọ̀bù yín ti di ti sósíálísíìmù!"

Ọkọ mi ní, "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Kí ìjọba ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí èrè rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo mùtúmùwà. Kò ní sí tèmi, kò ní sí tìrẹ mọ́."

"Kò ní sí tèmi?"

"Baba, nǹkan tó dáa ni!"

"Fún ta ni?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí bí ojú ọkọ mi ṣe rí. Láti ọjọ́ yẹn, kò rọrùn fún un, kò rọrùn fún wa. Yóò tan ẹ̀rọ, yóò pa á, yóò jáde lọ wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ń bọ̀ wá lé e jáde. Yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jà nítorí eruku pákó. Mo pẹ̀tù sí i nínú títí, mo fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń ta ìṣó àti pọ́líìṣì. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo ti mọ ohun tó jẹ́," ó ní. "Ewúrẹ́ àgbàsìn ni."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo ní ewúrẹ́, mi ò ráyè sìn ín, mo gbé e fún ọ pé kí o bá mi sìn ín. Bó bá bí méjì, a mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá bí ẹyọ kan, èmi ni mo kọ́kọ́ mú, ìwọ lo mú èyí tó tẹ̀ lé e. O kò gbọdọ̀ pa á jẹ, o kò gbọdọ̀ tà á láì jẹ́ kí n gbọ́. Bó bá kú, wàá gbé orí rẹ̀ wá fi hàn mí, kí n lè mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì lórí ewúrẹ́ àgbàsìn. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mọ́ ọkọ mi nínú. Ó ní ìjọba ló gbé ẹ̀rọ wá, òun ni òun ń sìn ín, dẹ́sìkì ni ọmọ tó ń bí.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dá a lẹ́kun níbẹ̀.

Ó kọ́ àtíbàbà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nínú dẹ́sìkì mẹ́wàá tí a bá kàn, a ta mẹ́fà, a kó mẹ́rin síbẹ̀, ìyẹn ni ti ìjọba. Ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá kó o. Ẹni tó ni ín kò wá. Òjò rọ̀ lu àga, oòrùn pa á, àtíbàbà kún débi pé a ń ti dẹ́sìkì mọ́ ara wọn. Ikán wọ ìsàlẹ̀. Èyí tí ikán bá jẹ, ọkọ mi yóò kó ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, yóò fi okùn dì í. Mo ní kí ni ìdì igi yìí. Ó ní òun fẹ́ fi han ìjọba ni, kí wọ́n má baà sọ pé òun tà á jẹ.

"Gbádégẹṣin," mo ní, "ṣé orí ti ń fọ́ ọ ni?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bí mi nínú jù. Bọ́látitó ọmọ wa wà ní ilé-ìwé Olúrántí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó sí. Ọmọ káfíńtà! Eruku á wọ ọ́ láṣọ, ẹsẹ̀ á kú tipiri mọ́ ọn nídìí. Mo ní kí bàbá rẹ̀ fún un ní dẹ́sìkì kan. Ó ní rárá, ti òun nìkan kọ́, ẹni tó bá ń yọ́ ọ̀sìn àjọni mú, olè ni. Mo ní kó yọ ọ́ nínú mẹ́fà tirẹ̀ nígbà náà. Ó ní títà ni mẹ́fà yẹn wà fún, owó wọn la fi ń ra pákó. Mo ta ìṣó bínúbínú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Olúrántí náà wá bẹ̀bẹ̀. "Baba, ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ìjọba ló ni ilé-ìwé, ìjọba ló ni àga. Kí la tún ń dúró dè?"

"Kí ẹni tó ni ín wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Tíṣà ìjọba ni mí!"

"Ìwọ kọ́ lo gbé ẹ̀rọ wá."

Ó pẹ́ gan-an kí Bámidélé tó tún yọjú. Èrè ọdún ló wá bèèrè. Inú ọkọ mi dùn ṣìnkìn, ó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo ọ̀sìn yín." Ó fi àtíbàbà hàn án, ó wá gbé ìdì ẹsẹ̀ dẹ́sìkì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àwọn tí ikán jẹ nìyí. Mi ò dáná sun wọ́n, kí ẹ lè fojú ara yín rí i."

Bámidélé wo ìdì igi, ó wo ọkọ mi, ó wá wò mí. Mo kọjú sí ògiri.

"Ta ló ní kí ẹ kó àga pamọ́ fún ìjọba?"

"Ìpín yín ni."

"Ìjọba kò ní àga kankan, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin! Èrè ni a ní ìpín nínú rẹ̀. Kọ́ńpìnnì ló ni àga."

"Ta ni kọ́ńpìnnì?"

"Ẹ̀yin àti àwa."

Olúrántí ti rí ọkọ̀ ìjọba níta, ó ti sọdá wá. Ó bi í léèrè bóyá sósíálísíìmù kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ni.

"Sósíálísíìmù kẹ̀? Òwò ni!" Bámidélé nu òógùn iwájú orí rẹ̀. "Ìjọba ra ìpín bí oníṣòwò yòówù ṣe lè rà á. A ò gba nǹkan ẹnikẹ́ni. Baba yìí ló ni mẹ́fà rẹ̀, ọba ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbọ́ tí ọkọ mi mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bámidélé wá ní, "Oníṣòwò kan wà ní Iléṣà tó ń wá dẹ́sìkì fún ilé-ìwé àwọn olówó. Màá ní kó wá kó gbogbo èyí."

Olúrántí pariwo. "Àwọn ọmọ tèmi ńkọ́? Ilé-ìwé ìjọba ni!"

"Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ni ilé-ìwé. Ẹ̀ka ìdókòwò ni èmi. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá fẹ́ àga, kí wọ́n wá rà á."

"Wọn ò lówó."

"Èmi kọ́ ló máa ṣe ìyẹn."

Èmi ò mọ sósíálísíìmù, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni pé ìjọba méjì ló wà nínú ìjọba kan, ọ̀kan ń kọ́ ọmọ, èkejì ń ta àga, wọn kì í sì í kí ara wọn.

Ọkọ mi fọwọ́ pa dẹ́sìkì kan. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ṣé lóòótọ́ ni mẹ́fà jẹ́ tèmi?"

"Tiyín ni."

"Ó dáa. Gbogbo èrè ohun tí a ti tà láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ẹ máa kó o lọ, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àwọn àga yìí ni èmi mú."

Èrè yẹn la fẹ́ fi jẹun!

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni Bámidélé wí. "Ìgbìmọ̀ ní láti jókòó lé e lórí ná."

"Ọmọ mi ti jókòó, Ọ̀gá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí."

Ó gbé dẹ́sìkì kan lérí. Bámidélé na ìka sí i. "Bí àga yẹn bá kúrò nínú ọgbà yìí, ìjọba yóò yọwọ́, a óò sì wá kó ẹ̀rọ wa!"

Ọkọ mi dúró. Ó yíjú wo ẹ̀rọ náà, tòun ti dẹ́sìkì lórí. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe yẹ kéèyàn fẹ́ràn irin lọ, aṣọ tó mọ́ ló fi ń nù ún. Gbogbo wa ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì. Olúrántí kígbe pe àwọn ọmọ, wọ́n tú jáde, wọ́n ya wọ àtíbàbà, wọ́n ń gbé dẹ́sìkì sọdá ní méjì méjì, Bọ́látitó tèmi wà láàárín wọn, ó ń pariwo pé bàbá òun ló kàn án.

Ìjọba kò parọ́. Lọ́rí wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wa kọ̀, wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọkọ mi ló fúnra rẹ̀ tú àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, tó bá wọn tì í gun ọkọ̀, tó tún ní kí wọ́n fi tapólì bò ó nítorí òjò. Ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀ wá ṣófo gbàgede.

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé kò tilẹ̀ dùn ọ́ ni?"

Ó ní, "Ó dùn mí débi pé mi ò lè mí. Ohun tí kì í ṣe tẹni, Rachael, ṣé ó máa ń dunni báyìí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.