Ọyàn Tí Kò Sí Mọ́ Tó Ń Yún Un

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń rí nígbà tó bá wọ àárín ọmọ ìyá méjì, ẹ jókòó kí n sọ ti aránṣọ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-Lòṣùwọ̀n. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni. Kó tó fa téèpù yọ lọ́rùn, á ti wo èèyàn látòkè délẹ̀, á sì ti sọ bí ìbàdí onítọ̀hún ṣe fẹ̀ tó, téèpù á kàn wá jẹ́rìí sí i ni. Obìnrin tó bá ti sanra sí i kì í fẹ́ kí ó wo òun pẹ́.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Maṣíìnì méjì wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń gé aṣọ, dígí kan tó ga ju èèyàn lọ, àti pẹpẹ tí wọ́n ń kó aṣọ tí wọn kò tíì gé sí. Bí ó bá ń wọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára, kì í lo tìmùtìmù kékeré tí àwọn aránṣọ mìíràn ń gún píìnì mọ́. Àyà aṣọ tirẹ̀ ló ń gún un mọ́, lápá òsì, nítorí ọwọ́ ọ̀tún á tètè dé ibẹ̀, kò sì ní láti wojú píìnì kó tó mú un. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹnu píìnì bá fẹ́ kan ara, ara á sọ fún un, á sì dárí rẹ̀ gba ibòmíràn.

Ọyàn òsì yẹn náà ni jẹjẹrẹ wọ̀. Àwọn dókítà gé e kúrò pátápátá, wọ́n gé díẹ̀ mọ́ ọn lábíyá, wọ́n ní àwọn ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Ó dúpẹ́. Ojú egbò jinná, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n gé sọnù kò tíì gbà pé òun ti lọ. Ibi tí orí ọyàn wà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bí ó bá gbé ọwọ́ síbẹ̀ láti họ ọ́, awọ pẹlẹbẹ ni yóò bá, awọ náà kò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ kan òun. Ìyún náà á kàn máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà míràn, abíyá á máa jó o bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lára. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan á ṣẹ́ ṣàá láti àyà dé ìgbọ̀nwọ́ bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn, àlùmọ́gàjí á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí aṣọ olówó iyebíye.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ara lọ sí ọpọlọ ni wọ́n gé mọ́ ọyàn náà, pé èyí tó ṣẹ́ kù ń wá ọ̀nà, ó sì ń ṣìnà. Ó fún un ní oògùn tó ń mú oorun kùn ún. Ó ní kí ó máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ ra ibẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà èyí tó le díẹ̀, kí ara lè tún ìfọwọ́kàn kọ́. Ó ní kí ó máa fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn kí apá má baà gan. Ojú-Lòṣùwọ̀n ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ ló fi ń sàmì sí ibi tí ìka rẹ̀ dé lára ògiri. Apá ń gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n owú tó wà nínú rẹ̀ yára jù ú lọ.

Owú àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jẹ. Ìyá kan náà ló bí wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé ọyàn ẹ̀gbọ́n, àbúrò ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa ní ìlú mìíràn, ó wá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń sè fún un, ó sì ń rán aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n má baà sá lọ. Ta ni ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ojú-Lòṣùwọ̀n mọ̀ bẹ́ẹ̀, mímọ̀ náà sì tún ń bí i nínú. Àbúrò á na ọwọ́, á fa aṣọ kalẹ̀ lórí pẹpẹ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Nínú ilé yìí, ọwọ́ àgbà ni kò tó o mọ́. Àbúrò á dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn lọ́sàn-án, á sùn fọnfọn, ẹ̀gbọ́n á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò ó. Bí nǹkan bá yún un, á họ ọ́, á sì tán. Èyí tó dun ẹ̀gbọ́n jù nìyẹn.

Àwọn oníbàárà ò wá ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á kí ìyá ṣọ́ọ̀bù pé ẹ kú ara líle, wọ́n á sì béèrè bóyá àbúrò wà nílé. Inú ilé náà wá di adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí àbúrò bá yin aṣọ, ẹ̀gbọ́n á rí ibi tó ti wọ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n á ní ó ń ṣe fújà. Gbogbo ohun tó kù fún Ojú-Lòṣùwọ̀n ni wíwọn aṣọ mọ́ oníbàárà lára. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àbúrò fọwọ́ kàn. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbé ìyẹn sílẹ̀, òun ti di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù òun nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí lọ́yà kan fi wá wọn gáùn tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ, aṣọ kan tó funfun bíi wàrà. Àyà ti ń jó Ojú-Lòṣùwọ̀n láti àárọ̀. Kò lè wọ kọ́mú, kò lè fi ìdì òwú tí wọ́n fún un sí àyà, bùláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wọ̀. Àbúrò rí bó ṣe ń payín keke, ó ní kí ó jẹ́ kí òun bá a wọ̀n ọ́n. Ó dá a lóhùn pé kó lọ jókòó. Ó kúnlẹ̀ níwájú lọ́yà, ó sì ń gún píìnì mọ́ àyà bó ṣe ń ṣe é láti ọdún gbọ́ọrọ. Ó ń yọ ọ́, ó ń fi ká ìbàdí gáùn náà, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ti àtijọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tó gbé orí sókè, ó rí àbààwọ́n pupa lára gáùn. Ọ̀kan wà níbàdí, òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò ló lọ aṣọ náà láàárọ̀. Kò dúró ronú.

"Ìwọ lo ṣe é," ló wí fún un. "O fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi lo wá gbà, kì í ṣe èmi lo wá tọ́jú."

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́yà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹ wo àyà yín nínú dígí."

Ó wò ó. Àwọn píìnì tó ṣẹ́ kù tò sí àyà rẹ̀ lápá òsì, wọ́n ti gba inú bùláòsì wọ ara lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti yí wọn ká. Ìka tó fi ń yọ wọ́n ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ara gáùn. Ìkankan nínú wọn kò dùn ún. Ibi tí irin wọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọyàn tí kò sí níbẹ̀ ló ń jó o. Àbúrò wá, ó ń yọ àwọn píìnì náà, ó ń béèrè bóyá ó dùn ún, ẹ̀gbọ́n sì ń mi orí. Lọ́yà ní omi tútù á fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n má da ara wọn láàmú. Ó wá fi kún un pé nígbà tí òun bá padà wá, òun á fẹ́ kí àbúrò wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí lọ́yà lọ tán, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ojú-Lòṣùwọ̀n dúró tì í. Ó mọ̀ pé bí ìyẹn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, òun á ní ṣọ́ọ̀bù, òun ò sì ní ní ẹnìkan. Ẹ̀bẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀. Òótọ́ ló jáde.

"Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ọyàn rẹ ni mò ń jowú. Méjèèjì. Bó o ṣe ń gbé wọn kiri bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan."

Àbúrò jókòó sórí báàgì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dára.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ẹ ń jowú yìí, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti ní kí èmi náà wá kí wọ́n yẹ̀ mí wò, torí pé ìyá kan náà ló bí wa, tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fo ibẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bá kókó. Ìwọ̀nba ìgbà tí mo bá ń sùn nìkan ni mo máa ń gbàgbé."

Ojú ti ẹ̀gbọ́n gan-an. Ó tú aṣọ inú báàgì padà sí ibi tó ti wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ló jọ lọ sí ọsibítù.

Wọ́n mú àbúrò wọlé, ẹ̀gbọ́n dúró lórí bẹ́ǹṣì. Abíyá ń jó o, ó tẹ́ ọwọ́ lé e jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Èrò kan bá yọ́ wọlé sí i lọ́kàn: bí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ di bákan náà. Kò pè é, ó kàn wá ni. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á ju bí ẹ̀rù jẹjẹrẹ ti bà á lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan kí àdúrà lè bo èrò náà mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó ní kò sí nǹkan kan, àbúrò mọ́ tónítóní. Ojú-Lòṣùwọ̀n sunkún ayọ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó rí bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń bọ̀, tó ń de bọ́tìnì àyà bùláòsì rẹ̀ bọ̀ lọ́nà, ọyàn méjì pé pérépéré, owú sì tún padà dé.

"Inú mi dùn," ló wí. "Mo sì tún ń jowú rẹ."

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí. "Ẹ sún, ẹ ti gba gbogbo bẹ́ǹṣì."

Ó sún. Apá òsì ni àbúrò jókòó sí, ó sì fi èjìká tì í, gan-an níbi tó ń jó o. Ó dùn ún wọra, kò sì sọ fún un pé kó kúrò.