Ìdajì Abẹ́rẹ́ fún Bọ́tìnnì

Ẹ má jẹ́ ká fi bò: obìnrin alágbàfọ̀ náà máa ń bínú. Bí aṣọ bá rún, ó bínú. Bí iná bá lọ nígbà tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná, á bínú sí iná, á bínú sí àwọn oníná, á tún wá bínú sí ẹni tó bá kọ́kọ́ kí i lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá Gbígbóná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì mọ̀. “Ẹ ṣáà máa kó aṣọ wá,” ló máa ń sọ, “ẹ lè pè mí ní iná ọ̀run àpáàdì.”

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti bá ọkọ lọ sí ìlú mìíràn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kù nínú ilé. Tẹ́lọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, tábìlì ìlọṣọ ti àbúrò wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ náà ló gbé ajá wá fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wá kí i. Kì í ṣe ajá tí èèyàn fi ń ṣọ́lé o. Irú àwọn ajá tíńtín yìí ni, tó jẹ́ pé bó bá dàgbà tán, kò ní ju ológbò lọ. “Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Ṣé kí n fi di bọ́tìnnì ni?” ni ìyá wí. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Kò pẹ́ tí Bọ́tìnnì fi di ẹni tó ń sùn sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, tí ìyá ń bá a jà láti àárọ̀ dalẹ́. “Kúrò lẹ́sẹ̀ mi! Ṣé o fẹ́ kí iná jó ọ ni? Olóríkunkun!” Ẹni tó bá mọ obìnrin náà mọ̀ pé ìfẹ́ nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́. Dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, là á yé e: abẹ́rẹ́ á máa tẹ̀ léra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ajá á fi pé oṣù mẹ́rin. Ti dìgbòlugi á dá wá lọ́jọ́ tirẹ̀, torí kò dáa ká kó abẹ́rẹ́ púpọ̀ lé ara kékeré lórí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbà á tán, kí wọ́n jókòó díẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ojú rẹ̀ máa wú. Títí wọ́n á fi parí, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ títì, kò sì gbọdọ̀ bá ajá tí wọn ò mọ̀ ṣeré. “Àrùn inú tó ń pa ọmọ ajá wà nílẹ̀ níta,” ni dókítà wí. “Èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.”

Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wọ bàtà wọ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ajá aládùúgbò kan yọjú, ìyá fi aṣọ tútù lé e, ó sì lé ẹni tó ni ín pẹ̀lú.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì wá bọ́ sí ọjọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì dé bí òkè. Ẹ̀gbọ́n ní òun á gbé ajá lọ. Ìyá wo ẹ̀gbọ́n, ó wo aṣọ, ó tún wo ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé e sílẹ̀ o. Ẹ sì dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ títí dókítà á fi ní kẹ́ ẹ máa lọ.”

“Ṣé èmi lò ń kọ́ báyìí? Èmi tí mo pọ̀n ọ́?”

Ta ló fẹ́ bá ẹni tó pọ̀n ọ́n jiyàn? Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ajá lé e lọ́wọ́.

Aṣọ ò tíì dín kù tí ẹ̀gbọ́n fi dé, tó ń súfèé. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Ẹ mà tètè dé. Ṣé ẹ dúró?”

“Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? N ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.” Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí nǹkan he. Ó ní òun pàdé oníbàárà òun kan, ọkùnrin tó ń sin ajá tà, tó ní ìgò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́, tó sì fẹ́ gún ọmọ ajá tirẹ̀. “Èmi ni mo ní kó pín in sí méjì. Ìwọ náà wò ó, ajá tí kò tó ìbọ̀sẹ̀! Ta ní í gé iye aṣọ kan náà fún ọmọ ọwọ́ àti géńdé? Ìdajì ti tó o.”

Ọgbọ́n tẹ́lọ̀ nìyẹn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń fi téèpù wọn èèyàn kó tó gé nǹkan fún un, kò sì rí ìdí tí abẹ́rẹ́ fi máa yàtọ̀.

“Ibo ni ìgò náà wà tẹ́lẹ̀?”

“Nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.”

“Kò sí nínú fíríìjì?”

“Ṣé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni?”

“Bọ́tìnnì ńkọ́? Ṣé ẹ gbé e sílẹ̀?”

“Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an.”

Háà! Inú bí obìnrin yìí débi pé ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, èéfín ń yọ. “Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ jẹ yó? Ẹ gbé ọmọ mi sílẹ̀ láàrin ajá tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní kí wọ́n gún un ní ohun tó ti gbóná nínú àpò ṣòkòtò, ẹ tún wá pín in! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà lónìí o, ẹ wá wo orí ọmọ!”

“Ṣé torí ajá lo ṣe ń gbó mọ́ mi?” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyá ti gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀, ó ti jáde.

Dókítà gbọ́ tán, ó mí kanlẹ̀. “Ìyá, àjẹsára kì í ṣe oògùn tí à ń fi ìwúwo wọ̀n. Ṣe ló ń kọ́ ara bó ṣe máa dá àrùn mọ̀. Ajá ńlá, ajá kékeré, odindi ni. Ìdajì tó tún ti gbóná, omi lásán ni.” Ó ní kí wọ́n há a mọ́lé, bí ara rẹ̀ bá ṣì dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun á gún un ní odindi. “Bó bá kọ oúnjẹ, ẹ má dúró de ọ̀la.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bọ́tìnnì fi kọ oúnjẹ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì, ìgbẹ́ tó sì yà lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ni. Ní ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n fa omi sí i lára. Ìyá jókòó tì í, ó ń bá a jà bó ṣe máa ń ṣe. “Dìde! Mo ní kí o dìde! Ta ló ní kí o sùn?” Bọ́tìnnì ò dìde. Ó kú ní ìṣojú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. “Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ajá ṣáà ni.”

“N ò fẹ́ òmíràn!” Ẹkún ló fi sọ ọ́, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. “Èyí tẹ́ ẹ ṣe ní ìdajì ni mo fẹ́!” Ó nu ojú. Lójijì ló wò ó. “Ọmọ ajá kejì tẹ́ ẹ jọ pín in ńkọ́?”

“Ọ̀gbẹ́ni náà ti tà á fún oníbúrẹ́dì tó wà lójú ọ̀nà kejì. Ó sọ fún un pé òun ti gún un lábẹ́rẹ́, ọkàn obìnrin náà balẹ̀.”

“Ó balẹ̀! Ẹ wọ bàtà yín.”

“Kí n lọ sọ kí ni? Àgbà bíi tèmi?”

“Mo ní ẹ wọ bàtà yín, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí, torí ìyá ní àrùn náà lè wà lára aṣọ àwọn. Oníbúrẹ́dì jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ajá kan tíńtín ń sáré tẹ̀ lé e. Ìyá la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó fi èjìká ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú.

Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà. “Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ajá yín, ìdajì ni, kò sì wúlò. Àwa la gba ìdajì kejì, tiwa sì ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tẹlẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí.”

Oníbúrẹ́dì ti gbá ajá mọ́ra. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ta ni wèrè tó ní kí wọ́n pín abẹ́rẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn, ó wo àbúrò rẹ̀, bóyá á gbèjà òun, bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá ká ọwọ́ lẹ́rán.

“Ẹ dá a lóhùn,” ló wí.