Ilé tí mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Agége

Irọ́ ni pé sójà ló lé mi jáde nínú ilé tí mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi ní Agége. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi wà látìgbà tí SAP, ètò ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, ti lé e lọ. Ó fowó ránṣẹ́, ó ní kí n mú lọ́yà wádìí ilé náà kí n tó sanwó. N kò mú lọ́yà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi lẹni tó tà á. Ó ń pè mí ní àbúrò, mo wá rò pé ìwọ̀sí ni tí mo bá bi í pé ṣé òun nìkan ló nilé.

Láàárọ̀ yìí, mo kó àwọn akunlé débẹ̀, a bá ìyá náà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kun ilé?"

"Èmi tí mo rà á ni, mà."

"Lọ́wọ́ ta?"

Mo dárúkọ ọkùnrin náà. Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi nìyẹn. Ilé bàbá wa ni, ẹbí ò tà á. Ó tiẹ̀ ti fi dógò, ó yáwó lọ́wọ́ ẹnì kan ní Orégùn. Ṣé o ò lẹ́nu láti béèrè ni, ọmọ mi?"

Akunlé kan ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ká dé ọ̀dà padà?"

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní iléeṣẹ́, tí wọ́n gbọ́ pé sójà ló lé mi, ti ń wá sílé mi, wọ́n ní a ó jọ lọ bá ẹbí náà. Mo kọ́kọ́ ń kà wọ́n, mo ti ṣíwọ́ báyìí, torí èmi nìkan ni n ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ yìí.

Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ ó kọ́kọ́ sọ fún un?