Aba Méjì Nílé Kan

Ebè ni mò ń kọ lóko wa lọ́nà Ìlọfà lọ́jọ́ tí àwọn dógarì, ọlọ́pàá ọba, dé. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lọ pọnmi; ọmọ náà jókòó sábẹ́ igi, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní òyìnbó ń bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù, a ó bá wọn ru ẹrù lọ. Mo ní kí n gbé ọmọ mi délé ní ìlú wa, Òsì, ná. Wọn kò gbà. Àjàyí àbúrò mi, tí wọn kò mú, ló gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, n óò ṣe aba fún un títí ẹ ó fi dé."

Aba là ń pe baba nílé wa. Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, ó sì dẹ́rù bà mí. Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tán, ta ni yóò máa pè bẹ́ẹ̀ bí mo bá pẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ iyán ní àjẹṣẹ́kù, ẹ kò mọ ebi. Ìrẹsì tí kò jinná là ń jẹ nínú òjò Kamẹrúùnù. Àpótí ọta ìbọn fá irun àtàrí mi dànù. Bí ìbọn bá ń dún, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ikùn wa. Ẹni tó wà níwájú mi ṣubú, kò dìde mọ́; a pín ẹrù rẹ̀ rù. Síbẹ̀, ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé n óò délé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí n délé, kí ọmọ mi máa wò mí bí àlejò.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá àwa tí à ń ru ẹrù sílẹ̀, mo bá Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ti ga, ó di aṣọ Àjàyí mú.

"Aba, yèsí rèé?" Àjàyí ló ń bi pé ta nìyí.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo nawọ́ sí i. "Maza! Maza!" Èdè Hausa tí àwọn sójà fi ń lé wa kiri pé kíá, kíá, ló bọ́ lẹ́nu mi! Ọmọ náà figbe ta, ó sá wọ yàrá.

"Ẹ jẹ́ kí n pè é jáde," ni Àjàyí wí.

"Fi í sílẹ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì wà, oko mi ṣì wà. Mò ń sun iṣu, tí à ń pè ní usu nílé wa, mò ń bu ibi tó rọ̀ fún un. Nígbà mìíràn á jẹ ẹ́, nígbà mìíràn á gbé e fún Àjàyí. N kò bá a jà.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ogun òyìnbó ti parí níbi gbogbo. Lóko, kò sí ariwo kankan, etí mi kò sì tètè gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Àjàyí ń kọ ebè, ìyá Àbẹ̀kẹ́ pariwo láti ahéré:

"Àbẹ̀kẹ́, lọ pe aba wá jẹun!"

Àjàyí ló sún mọ́ ọmọ náà jù. Ó ti ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń nuwọ́. Ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń fo ebè bọ̀, ó dúró níwájú mi.

"Aba," ó ní, "usu ti jinná."