Fìlà Ọ̀fẹ́ ní Ọ̀wọ̀

Fìlà ni Sàlímọ́tù ń rán jẹun ní Ọ̀wọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ọdún Igogo bá ti wọlé, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, torí ọkùnrin kì í dé fìlà nígbà náà, obìnrin kì í sì í wé gèlè. Kì í ráhùn. Tí Igogo bá ti parí, ẹni tó ti ń rìn láìdé fìlà á fẹ́ dé tuntun, ọjà á sì yá.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan kó fìlà wá láti Èkó, wọ́n ní àwọn fi ta ìlú lọ́rẹ. Fìlà náà jojú ní gbèsè, àfi orúkọ wọn tí wọ́n fi òwú kọ sí etí rẹ̀. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó wá. Àárín Igogo gan-an ni wọ́n kó o dé. Àwọn èèyàn gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sílé. Nígbà tí Igogo parí, wọ́n kó o jáde, wọ́n dé e. Ẹnikẹ́ni ò yà sí ṣọ́ọ̀bù Sàlímọ́tù.

Nígbà tó yá, Ṣèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ okòwò ní yunifásítì, wá ṣèwádìí oore tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún ìlú. Ó bá Sàlímọ́tù lórí ìjókòó, aṣọ ṣì bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé fìlà tí wọ́n pín wúlò fún yín?"

"Iṣẹ́ wo lò ń kí mi fún, ọmọ mi? Igogo ti parí fún gbogbo Ọ̀wọ̀. Tèmi ṣì ń lọ lọ́wọ́."