Ìyá Mi Yún Oko

Mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn lórí nọ́ọ̀sì kan tán kí n tó gbé ìyá mi sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, láti Àyèká padà sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Ojú ewé méjì ni. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún ìyá mi lẹ́sẹ̀ lóko, ìpara ara yíyún ni nọ́ọ̀sì náà fún wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń fi í para, tí ẹsẹ̀ ń wú, títí wọn ò fi lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́.

"Bí o bá fi ìwé yẹn lé nọ́ọ̀sì náà lọ," ìyá mi bi mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, "ta ló máa yọ ẹ̀gún fún mi?"

Mo ti lẹ́tà náà bọ àpò.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìyá mi ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní, "Mo yún oko, ẹsẹ̀ ni." Ìbàdàn ni nọ́ọ̀sì náà ti wá, "yún" tó mọ̀ kò ju ti ara tó ń yúnni lọ. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkálẹ̀, ẹni tó yún oko, oko ló lọ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àwọn tó ń fi wá rẹ́rìn-ín pàápàá ń lò ó láìmọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ṣàdúrà àyúnbọ̀ fún arìnrìn-àjò. Tíṣà mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bírò pupa pa á rẹ́ nínú àròkọ mi, ó kọ "lọ" dípò. Mi ò tíì dárí jì í.

Nọ́ọ̀sì yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ẹ ò sọ pé oko lẹ ti fara pa."

"Mo ní mo yún oko. Ṣé inú yàrá ni ọ̀pẹ mi wà ni?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn ní ẹ lọ oko, Màmá?" ó bi wọ́n, bó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ wá ẹ̀gún náà.

Ìyá mi di apá mi mú pinpin. "Bí mo bá ní mo lọ, ẹ lè máa retí mi. Mo ní mo yún, mo ti padà dé nìyẹn. Rọra, ọmọ mi."

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó là á yé mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gún náà jáde, dúdú, kò tó èékánná. Nọ́ọ̀sì tọrọ àforíjì, ó mú káàdì ìyá mi, ó kọ "yun oko" sí i. Mo sọ fún un pé kò fi àmì ohùn sórí "yun".

"Jẹ́ kó di ẹsẹ̀ náà fún mi ná," ni ìyá mi wí.